Ṣé òkìkí géèmù alájọṣe yóò pẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn ṣeré lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn kan ti ń sọ pé àṣà ìgbà díẹ̀ ni, tí àwọn mìíràn sì ń búra pé kò ní tán láé. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó ń ronú láti ṣe géèmù tiwọn máa ń béèrè jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí òye mi ti mọ, láìfi ìfẹ́ tí mo ní sí irú eré yìí pamọ́.

Kí ni a ń pè ní géèmù alájọṣe gan-an?

Géèmù alájọṣe ni eré orí kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí ẹ̀rọ géèmù tí ẹnì kan kò lè rí adùn rẹ̀ ní kíkún bí kò bá sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n máa bára wọn jà tàbí kí wọ́n máa díje. Wọ́n lè jọ máa kọ́lé, wọ́n lè jọ máa ro oko, wọ́n lè jọ máa wá ọ̀dàlẹ̀ tó fara pamọ́ sáàárín wọn, wọ́n sì lè kàn jókòó sí ojú kan nínú ayé àfọwọ́dá náà kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà ní òdì kejì, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìgbà tí Facebook gbòde ni irú eré bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978 ni Roy Trubshaw àti Richard Bartle, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí MUD, ayé kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ lásán, tí kò ní àwòrán kankan, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ó ti lé ní ọdún 45. Ẹni tó bá ń pe irú eré yìí ní àṣà ìgbà díẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ọdún wọ̀nyẹn fún wa.

Ní kúkúrú, ṣé yóò pẹ́?

Àṣà kí àwọn ènìyàn máa bá ara wọn ṣeré lórí ẹ̀rọ yóò pẹ́. N kò rí ohun kan tó fi hàn pé ó ń kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù tí òkìkí wọn kàn lónìí kò ní sí mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ tó ń ṣe wọ́n bá dàgbà. Ohun tó ń pinnu èyí tí yóò dúró kì í ṣe ẹwà àwòrán tàbí iye owó tí wọ́n ná sórí ìpolówó. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni bóyá géèmù náà fún àwọn ènìyàn ní ìdí láti wà pa pọ̀, tàbí ó kàn ń lo àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti fi tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Gbogbo ìyókù ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyàtọ̀ yẹn ni mo gbé wọn kà.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ṣé òwe yìí kò ti dá ẹjọ́ náà?

Òwe náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń sọ, kì í ṣe ti pápá tí wọ́n ti ń ṣeré. Géèmù RuneScape bẹ̀rẹ̀ ní 2001. EVE Online, tí wọ́n ṣe ní Iceland, bẹ̀rẹ̀ ní 2003. World of Warcraft jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Gbogbo wọn ló ti kọjá ogún ọdún, èrò sì ṣì wà nínú wọn.

Àmọ́ bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ṣì wà, yóò sọ fún yín pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Ẹnì kan gbéyàwó, ẹnì kan bímọ, ẹnì kan rí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kó sinmi, ẹnì kan sì bínú lọ. Ibi tí òwe náà ti ràn wá lọ́wọ́ jù nìyí: ó ń sọ fún àwọn tó ń ṣe géèmù pé kí wọ́n má fọkàn lé àwọn tó kọ́kọ́ dé. Géèmù tó bá fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, nítorí pé àwọn onílé yóò máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí àwọn ayé géèmù tí gbogbo àwọn tó wà nínú wọn jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀, tí ẹni tuntun kò sì lè lo wákàtí kan láàárín wọn láìgba èébú. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ náà kò mọ̀ pé àwọn gan-an ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn.

Kí ló wá pa FarmVille àti àwọn géèmù orí Facebook tí tilé toko ń ṣe nígbà kan?

Ìtàn yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè nípa ọjọ́ iwájú kọ́kọ́ gbọ́. Iléeṣẹ́ Zynga gbé FarmVille jáde lórí Facebook ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Kí ọdún kan tó pé, iye àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lóṣooṣù ti kọjá mílíọ̀nù 80. Oko ni wọ́n ń dá níbẹ̀: wọ́n ń gbin irúgbìn, wọ́n ń dúró kó gbó, bí wọn kò bá sì padà wá lásìkò láti kórè, ohun tí wọ́n gbìn á rọ mọ́ ilẹ̀. Wọ́n lè bẹ ojúlùmọ̀ pé kó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, wọ́n sì lè lọ fi ajílẹ̀ sí oko ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń tàn kálẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣe nǹkan kékeré nínú oko rẹ̀, géèmù náà á rọ̀ ọ́ pé kó kéde rẹ̀ sójú ewé Facebook tirẹ̀, kí gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n, títí kan àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa oko náà, lè rí i. Báyìí ni ojúlùmọ̀ ṣe di ojú ọ̀nà tí ìpolówó ń gbà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìráhùn pọ̀, Facebook dín irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kù ní ọdún 2010, odò tí géèmù náà ti ń pọn omi sì bẹ̀rẹ̀ sí fà.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé Facebook nìkan ló fà á. Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù ni pé àwọn ọ̀rẹ́ inú FarmVille kì í pàdé. Ẹnì kan á wọlé láàárọ̀, á fi ẹ̀bùn sílẹ̀, á jáde. Èkejì á wọlé lálẹ́, á gba ẹ̀bùn náà, á dá tirẹ̀ padà. Gbèsè ni wọ́n ń jẹ ara wọn, wọn kì í jọ ṣeré. Bí ẹnì kan bá wá rẹ̀wẹ̀sì tó dáwọ́ dúró, kò sí ẹni tí àárò rẹ̀ yóò sọ nínú oko náà, nítorí pé kò sí ẹni tó rí i níbẹ̀ rí. Eré tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni kò ní gbòǹgbò.

Ohun tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn olówó pàápàá kò tètè lóye rẹ̀. Zynga tà ìpín ìdókòòwò rẹ̀ fún aráyé ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ní dọ́là 10 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta 2012, ó ra OMGPOP, tó ni géèmù àwòrán yíyà tí wọ́n ń pè ní Draw Something, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 180 dọ́là, nítorí pé ẹnu gbogbo ayé ló wà lórí géèmù náà lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2013, wọ́n ti ti OMGPOP pa. Oṣù kan náà ni iléeṣẹ́ Electronic Arts ti Pet Society àti The Sims Social, tí àwọn náà ti ní èrò rẹpẹtẹ lórí Facebook. FarmVille fúnra rẹ̀ fà á títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí Adobe dáwọ́ ìtìlẹ́yìn dúró fún Flash, ohun èlò tí wọ́n fi kọ géèmù náà.

Kí ló dé tí àwọn mìíràn fi pẹ́ nígbà náà?

Ẹ jẹ́ kí n mú World of Warcraft, nítorí pé tirẹ̀ ló hàn kedere jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ogun tó le jù nínú rẹ̀ ń béèrè ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan á dúró níwájú láti gba ìyà, àwọn kan á máa wo àwọn tó fara gbọgbẹ́ sàn, àwọn yòókù á máa kọlu ọ̀tá. Bí ọ̀kan nínú àwọn olùwòsàn bá dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú tí kò yẹ, gbogbo ogójì lè ṣubú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ní olórí, ó ní àpótí ohun ìní, ó ní òfin bí wọ́n ṣe ń pín ìkógun, ó ní ọjọ́ àti wákàtí tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pé. Bí ọ̀sẹ̀ ènìyàn bá ti ń yí lórí irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fà á padà kì í ṣe géèmù mọ́, ìlérí tó ṣe fún àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ni.

Ní ọdún 2010, àwọn tó ń san owó oṣooṣù fún géèmù yìí tó mílíọ̀nù 12. Ní 2015, iye náà ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 5.5, iléeṣẹ́ Blizzard sì pinnu pé àwọn kò ní kéde rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún géèmù náà nígbà yẹn, nítorí pé wọ́n da òkìkí pọ̀ mọ́ ìwàláàyè. Ní oṣù kẹjọ 2019, Blizzard tún ṣí ayé àtijọ́ náà bí ó ṣe rí ní ìgbà àkọ́kọ́, torí pé àwọn eléré ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tipẹ́, èrò sì pọ̀ débi pé wọ́n ń tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó lè wọlé. Kì í ṣe àwòrán tó ti gbó ni wọ́n tò fún. Bí ara ẹni ṣe gbọ́dọ̀ nílò ẹnìkejì nínú ayé àtijọ́ náà ni wọ́n ń wá.

Ohun kejì tí mo ń wò ni bóyá àwọn eléré lè fi ọwọ́ ara wọn dá nǹkan. Counter-Strike kò ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kankan wá. Àwọn eléré ló ṣe é ní 1999 láti ara géèmù mìíràn tó ń jẹ́ Half-Life, kí Valve, tó ni Half-Life, tó gbà á wọlé. Counter-Strike 2 tó jáde ní 2023 ni ọmọ rẹ̀, èrò sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Minecraft náà gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ayé tirẹ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó ṣòfin tirẹ̀, kó sì pe ẹni tó wù ú. Ilé tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ṣòro fún un láti fi sílẹ̀.

Ṣé kì í ṣe àrùn Kòrónà ló fún wọn lókìkí, tí òkìkí náà yóò sì bá àrùn náà lọ?

Àkókò ìséde kún èrò wọn gan-an, ṣùgbọ́n kò dá wọn sílẹ̀. Among Us, géèmù wíwá ọ̀dàlẹ̀ tí iléeṣẹ́ kékeré Innersloth ṣe, ti jáde láti oṣù kẹfà ọdún 2018, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjì láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún 2020 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, nígbà tí àwọn tó ń fi fídíò géèmù hàn lórí ayélujára bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lójú èrò. Àwọn tó ṣe é tilẹ̀ ti kéde pé àwọn yóò ṣe apá kejì, wọ́n sì fagi lé e láìpẹ́ kí wọ́n lè gbájú mọ́ èyí tí èrò ti wà. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, olórin Travis Scott ṣe àfihàn orin nínú géèmù Fortnite, àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì lé ní mílíọ̀nù 12.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀pọ̀ padà síta, bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò padà sí bí ó ti wà: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan géèmù rí ló kọ́ ní ọdún yẹn pé ènìyàn lè bá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó wà ní ọ̀nà jíjìn lo ìrọ̀lẹ́ pọ̀, kí ọwọ́ wọn máa ṣe nǹkan kan bí ẹnu wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìpè fóònù máa ń dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán. Nínú géèmù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ni ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn ọmọdé ló kún inú Roblox àti Minecraft. Ṣé wọn kò ní fi wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà?

Ọ̀pọ̀ yóò fi wọ́n sílẹ̀. Géèmù ọmọdé dà bí ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó wọlé lónìí yóò jáde lọ́jọ́ kan, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá àwọn mìíràn ń wọlé. Club Penguin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, gbayì débi pé Disney rà á ní mílíọ̀nù 350 dọ́là ní 2007. Ní oṣù kẹta 2017, wọ́n tì í. Àwọn ọmọ tuntun ti gba orí fóònù lọ, géèmù náà kò sì bá wọn débẹ̀ lásìkò.

Roblox gba ọ̀nà mìíràn. Ọdún 2006 ni David Baszucki àti Erik Cassel ṣí i fún aráyé, nǹkan bí ọdún 15 sì kọjá kó tó dé ọjà ìpín ìdókòòwò ní New York ní oṣù kẹta 2021. Kì í ṣe géèmù kan ṣoṣo. Àwọn tó ń lò ó ló ń ṣe àwọn géèmù inú rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá sú àwọn ọmọ, òmíràn ti wà nílẹ̀. Ní ti Minecraft, ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ti lé ní mílíọ̀nù 300 nígbà tó di ọdún 2023, àwọn tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọmọdé ti ń fi ọ̀nà han àbúrò wọn. Ohun tó lè ba irú géèmù bẹ́ẹ̀ jẹ́ kíákíá ni kí àwọn òbí má lè fọkàn tán an mọ́. Iléeṣẹ́ tó bá ń kó ọmọdé pọ̀ mọ́ àjèjì láìṣọ́ wọn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, n kò sì ní dárò rẹ̀ bó bá ṣubú sínú rẹ̀.

Bí èrò bá ṣì wà nínú géèmù kan, ṣé ó tún lè kú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sì ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ géèmù alájọṣe kò sí nínú fóònù yín. Orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ tó ni ín, ló wà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa sáfà náà, gbogbo rẹ̀ tán. City of Heroes bẹ̀rẹ̀ ní 2004, àwọn eléré rẹ̀ fẹ́ràn ara wọn, wọ́n ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ NCSoft tì í ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2012, láìka ẹ̀bẹ̀ wọn sí. Àwọn kan lára wọn kò gbà. Wọ́n gbé ayé náà dìde padà fúnra wọn, ní ìkọ̀kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbangba, títí NCSoft fi fún ẹgbẹ́ Homecoming ní ìwé àṣẹ ní oṣù kìíní 2024. Fún mi, ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nìyí pé àwùjọ lè pẹ́ ju iléeṣẹ́ tó kó o jọ lọ.

Ní ọdún 2024 kan náà, Ubisoft pa sáfà The Crew, géèmù ọkọ̀ sísá tí àwọn ènìyàn ti fi owó gidi rà láti 2014, kò sì sẹ́ni tó lè lò ó mọ́, kódà bó bá fẹ́ dá wa ọkọ̀ náà ní òun nìkan. Ìbínú tó tẹ̀ lé e ló bí ìpolongo Stop Killing Games, tó kó ìbuwọ́lùwé tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà tó di ọdún 2025. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ lọ, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ra ilé.

Èmi náà ti wà nínú géèmù kan tí wọ́n tì. Ẹni mọ́kànlá ni wá nínú ẹgbẹ́ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, a dúró lórí òkè kan nínú ayé náà, a ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Mẹ́rin péré nínú wọn ni mo ṣì mọ ibi tí wọ́n wà.

Ìpolówó àti owó ńlá kò ha lè sọ géèmù di èyí tó máa pẹ́?

Rárá. Sony gbé géèmù Concord jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2024 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́, ó sì tì í ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó dá owó àwọn tó rà á padà. Àwọn tí ì bá ṣe é ti ní géèmù tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà. Kò rọrùn láti kó ẹnì kan kúrò níbi tó wà, nítorí pé a kò lè kó o láìkó ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa owó kò ní lé àwọn ènìyàn sá?

Ó lè lé wọn, ó sì ti lé àwọn kan. Kò sẹ́ni tó ń sanwó kó tó wọ Fortnite. Aṣọ àti ijó ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó, nítorí náà ó bá ìwà géèmù alájọṣe mu, kò sì fún ẹni tó rà á ní agbára ju ẹlòmíràn lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni tí owó bá ń ra ìṣẹ́gun, tàbí tí wọ́n bá ń ta àpótí tí ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Belgium ti ka irú àpótí bẹ́ẹ̀ sí tẹ́tẹ́ ní 2018. Ní oṣù kejìlá 2022, Epic Games, tó ni Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là fún àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà: mílíọ̀nù 275 nítorí àṣírí àwọn ọmọdé, mílíọ̀nù 245 láti fi dá owó padà fún àwọn tí bọ́tìnnì inú géèmù náà tàn jẹ láti ra ohun tí wọn kò fẹ́. Tẹ́tẹ́ kì í kó ọ̀rẹ́ jọ. Bí ọ̀kan bá ti ń ná ju èkejì lọ, wọn kò sí nínú eré kan náà mọ́.

Òfin ìjọba ńkọ́?

Òfin lè dín àkókò kù, kò tíì pa ìfẹ́ eré kankan. Ní oṣù kẹjọ 2021, ìjọba China pàṣẹ pé kí àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 máa ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́ nìkan, ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi àìsàn géèmù àṣejù sínú ìwé àwọn àìsàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. Àwọn géèmù tó gbára lé kí ènìyàn má lè dìde ni àwọn òfin wọ̀nyí yóò dà láàmú jù, ìyẹn kò sì burú.

Ṣé ọ̀rẹ́ tí a pàdé nínú géèmù jẹ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wá a. Ní ọdún 1996, Bartle tó bá wọn dá MUD sílẹ̀ kọ ìwé kan tó pín àwọn eléré sí oríṣi mẹ́rin: àwọn tó ń wá àṣeyọrí, àwọn tó ń wá ohun tó pamọ́, àwọn tó wá bá ènìyàn ṣe pọ̀, àti àwọn tó ń gbádùn kí wọ́n ni ẹlòmíràn lára. Ó ṣàlàyé pé wọ́n so mọ́ ara wọn, tí ọ̀kan bá pọ̀ jù, ó lè lé àwọn yòókù. Bí àwọn tó ń ni ènìyàn lára bá gba ìjọba, àwọn tó wá ṣọ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kúrò, wọn kì í sì pariwo; iléeṣẹ́ á kàn rí i pé ibẹ̀ ti ń dá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé owó tí wọ́n bá ná láti kápá àwọn eléèébú ni owó tó ń ra ọjọ́ gígùn fún géèmù.

Àwọn ayé àfojúrí tí wọ́n ń fi awò wò ńkọ́?

Facebook yí orúkọ rẹ̀ sí Meta ní oṣù kẹwàá 2021 nítorí irú ayé bẹ́ẹ̀, ó sì ṣí Horizon Worlds ní oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n èrò kò wọ́ lọ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe retí. Second Life, ayé àfọwọ́dá tó ti wà láti 2003 láìsí awò kankan, ṣì wà. Awò kò yanjú ìbéèrè ohun tí àwọn ènìyàn yóò jọ ṣe bí wọ́n bá débẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá géèmù tí mo ń ṣe yóò pẹ́?

Ẹ má wo iye èrò. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdíje bá parí: ṣé gbogbo wọn ń sá jáde lójú ẹsẹ̀, tàbí àwọn kan ń dúró láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹ wò ó bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ ti ní àpárá tí ará ìta kò lè lóye. Ẹ wo irú ìkíni tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń wá nígbà tí iléeṣẹ́ kò gbé ohun tuntun kankan jáde fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé géèmù tó jẹ́ pé ohun tuntun nìkan ló ń mú èrò wá yóò tú ká lọ́jọ́ tí owó ohun tuntun bá tán. Èyí tí mo kà sí jù ni pé, tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣàìwọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ẹnì kan yóò béèrè yín? Bí ó bá jẹ́ géèmù náà nìkan ló ń fi ìránnilétí ránṣẹ́, tí kò sí ènìyàn kan tó béèrè, ẹ ti mọ èsì.

Bí wọ́n bá kéde pé wọn yóò ti géèmù tí mo fẹ́ràn, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí ẹ lè fi kàn sí àwọn ènìyàn yín lẹ́yìn òde géèmù náà, lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, nítorí pé àwọn kan kò ní padà wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ìkéde. Bí ọmọdé bá wà nínú wọn, ẹ jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹ ya àwòrán ilé yín, ẹgbẹ́ yín àti àwọn ibi tí ẹ ti jọ rìn, kí ẹ tọ́jú wọn síbi tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ náà. Ẹ béèrè bóyá owó tó ṣẹ́kù nínú àkáǹtì yín ṣeé gbà padà, kí ẹ sì béèrè ní gbangba bóyá wọn yóò gba àwọn eléré láyè láti gbé sáfà tiwọn kalẹ̀. Ìdáhùn lè jẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yan géèmù tí ẹ ó jọ lọ kí ọjọ́ tó pé, kódà bí kò bá dára tó ti àtijọ́, nítorí pé ẹgbẹ́ tó bá ti tú ká fún oṣù mẹ́ta kì í sábà pé jọ mọ́.